Òǹtẹ̀ Méjì Lọ́jọ́ Ìgbéyàwó

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí Ìdùnnúolúwa fẹ́ di ìyàwó, ìwé ìrìnnà rẹ̀ là á mọ́lẹ̀ pé kò sí ní Nàìjíríà.

Bẹ́ẹ̀, ó wà ní Nàìjíríà o. Ó dúró níwájú káńtà àwọn ìmígíréṣọ̀n lẹ́nubodè Ìdí-Ìrókò, nínú léèsì funfun tí oòrùn aago mẹ́sàn-án ń bá ṣeré, gèlè rẹ̀ rí bí òdòdó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la ẹnu. Àwọn ọlọ́kadà tó wà lójú títì ń na ọrùn wò ó. Ṣùgbọ́n obìnrin tó jókòó lẹ́yìn káńtà kò wo léèsì, kò wo gèlè. Ìwé ló ń wò. Orúkọ rẹ̀ wà láyà aṣọ rẹ̀: Abọ́dúnrìn. Ó dàgbà tó ìyá ẹni, jígí ojú rẹ̀ sì bà lé orí imú rẹ̀ bí ẹyẹ tó ń ṣọ́ àgbàdo.

"Ìwọ ni Ìdùnnúolúwa Ìbítóyè?"

"Èmi ni, mà."

"Níbo lò ń lọ pẹ̀lú ẹwà tó tó báyìí?"

"Ṣakẹ́tẹ́ ni, mà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́ so wá pọ̀ lónìí, ní ilé ìjọba ìbílẹ̀ wọn. Aago méjìlá ni wọ́n fún wa."

Ìyáàfin Abọ́dúnrìn ṣí ojú ìwé kan, ó ṣí òmíràn, ó tún padà sí ti àkọ́kọ́.

"Ó wù mí kí n kí ọ kú oríire. Ṣùgbọ́n ìwé yìí ní o jáde kúrò ní Nàìjíríà ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì. Òǹtẹ̀ tiwa nìyí. Òǹtẹ̀ àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ nìyí, pé o wọ ọ̀dọ̀ wọn lọ́jọ́ kan náà. Mo ń wá ibi tí o ti padà wọlé sọ́dọ̀ wa, mi ò rí i. Oṣù keje la wà yìí. Ẹni tí kò wọlé, báwo ló ṣe fẹ́ jáde?"

Ìdùnnú tẹ̀ síwájú wo òǹtẹ̀ méjèèjì.

Ó rántí. Báwo ni kò ṣe ní rántí? Ní oṣù kejì yẹn, òun àti Rọ́fíàt, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣe tíṣà ní Ìlaró, lọ sí Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn olùkọ́ èdè Faransé. Wọ́n gba ẹnubodè yìí lọ, wọ́n tẹ òǹtẹ̀ fún wọn. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n pè é pé Màmá Ọ̀ṣúnkẹ́mi, ìyá bàbá rẹ̀, ti dùbúlẹ̀ àìsàn ní Ìfọ́nyìntẹ̀dó. Kò fi falẹ̀. Ó bẹ́ sórí ọ̀kadà ní Ìfànyìn, ó gba ọ̀nà oko, kí wákàtí kan sì tó pé ó ti di ọwọ́ ìyá àgbà mú lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ọmọ Ìfọ́nyìntẹ̀dó wo ló máa ń gba òǹtẹ̀ kó tó wọ ilé bàbá rẹ̀? Oko ọ̀pẹ Màmá Ọ̀ṣúnkẹ́mi gan-an, apá kan rẹ̀ wà ní Nàìjíríà, apá kejì wà ní Bẹ̀nẹ̀. Bí ẹyìn bá já bọ́ níhìn-ín, ó lè yí gbirigbiri dé orílẹ̀-èdè kejì, kò sí ẹni tí yóò béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹyìn. Láti kékeré ni Ìdùnnú ti ń fò kọjá òkúta ààlà yẹn bí ẹni ń fo ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Màmá àgbà gbádùn, a dúpẹ́. Ìwé ìrìnnà ni kò gbádùn. Láti oṣù kejì yẹn, ó jókòó sí Bẹ̀nẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ń retí ẹni tí yóò wá mú un padà wálé.

"Mà, mo wọlé o," Ìdùnnú ní. "Ojú ọ̀nà kọ́ ni mo gbà ni."

"Èmi náà mọ̀. Ojú rẹ ni mo ń wò yìí. Ṣùgbọ́n ojú kọ́ ni mò ń tẹ òǹtẹ̀ lé. Mú ohun tó lè jẹ́rìí wá fún mi pé o ti wà nílé láti ìgbà náà. Ṣé o ń ṣiṣẹ́?"

"Tíṣà ni mí, mà."

"Kí ọ̀gá ilé-ìwé rẹ kọ lẹ́tà, kó tẹ òǹtẹ̀ sí i."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni. Ilé-ìwé ti tì pa, ọ̀gá ilé-ìwé sì ti lọ sí Abẹ́òkúta lánàá. Ìdùnnú kó ìwé rẹ̀, ó rìn jáde síbi tí Rọ́fíàt ti ń dúró dè é lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò.

*

Kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́ pé kí ló dé tí kò kàn gba inú igbó lọ, ó yẹ kí ẹ mọ ohun tó wà láàárín òun àti Ọdẹkúnlé.

Ọmọ Ṣakẹ́tẹ́ ni Ọdẹkúnlé, ó ga, ó dúdú, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù. Nígbà tí ó bá pe "Ìdùnnú mi", ṣe ni ọmọbìnrin náà máa ń gbàgbé ohun tó ń wá. Àjàṣẹ́ ni wọ́n ti pàdé. Lọ́jọ́ tí ó kọ́kọ́ pè é wá kí ìyá rẹ̀, Ìdùnnú ṣe bí ọmọ ìlú rẹ̀ ti máa ń ṣe: ó gba ọ̀nà oko. Ó dé Ṣakẹ́tẹ́ pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀, èèmọ́ sì lẹ̀ mọ́ gbogbo etí síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Màmá Sàlímọ́tù, ìyá Ọdẹkúnlé, wò ó láti ìsàlẹ̀ dé òkè lójú gbogbo ẹbí.

"Ọdẹkúnlé," ni ìyá náà wí, "inú igbó ni wọ́n ń gbé ìrẹsì gbà wọlé. Inú igbó ni wọ́n ń gbé pẹtiróòlù gbà jáde. Ìyàwó náà lo tún wá gbé gba ibẹ̀ yìí? Ìyàwó fàyàwọ́!"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìdùnnú náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ète lásán ni.

Nígbà tí Ọdẹkúnlé ń sìn ín lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n dé abẹ́ igi kaṣú kan, ó wá ní, "Ṣé o mọ̀ pé wọ́n ti lé mi bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin rí?"

"Kí lo ṣe?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan. Mò ń kàwé ní Faransé nígbà náà. Mo lọ kí ọ̀rẹ́ mi ní Ítálì, mo sì ń padà bọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ dé ìlú tó wà lẹ́nubodè, ó dúró, àwọn ọlọ́pàá wọlé, wọ́n ń béèrè ìwé láti orí ìjókòó dé orí ìjókòó. Mo ki ọwọ́ bọ àpò. Òfo. Orí tábìlì ọ̀rẹ́ mi ni mo gbàgbé páàsípọ́ọ̀tù mi sí. Mo fi káàdì ilé-ìwé hàn wọ́n, mo ṣàlàyé títí. Wọ́n ní kí n sọ̀ kalẹ̀. Wọn ò lù mí, wọn ò bú mi. Wọ́n kàn ní kí n jókòó sórí bẹ́ńṣì kan. Orí bẹ́ńṣì yẹn ni mo wà tí mo ń wo ọkọ̀ ojú irin tó ń gbé ẹ̀wù òtútù mi lọ. Ìdánwò àṣekágbá mi ni ọjọ́ kejì. Mi ò bá a. Mo ní láti tún ọdún náà kà, bàbá mi sì kú kí ọdún náà tó pé. Kò rí mi nínú aṣọ oyè."

Ìdùnnú di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Láti ọjọ́ náà," Ọdẹkúnlé ní, "bí mo bá ń lọ ra búrẹ́dì, páàsípọ́ọ̀tù wà lápò mi. Má rẹ́rìn-ín. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ ẹ. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, má ṣe gba inú igbó wá fẹ́ mi. Gba ẹnu ọ̀nà. Jẹ́ kí wọ́n béèrè ẹni tí o jẹ́, kí o sọ fún wọn."

Ìdùnnú sì ṣèlérí fún un. Abẹ́ kaṣú níbẹ̀ ló ti ṣèlérí, pẹ̀lú èèmọ́ ní síkẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀rọ̀ náà ju ìlérí lọ lónìí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni ọkọ̀ òfúrufú Ọdẹkúnlé máa gbéra. Iṣẹ́ ọdún méjì ń dúró dè é ní Faransé. Bí wọn kò bá fọwọ́ sí ìwé ìgbéyàwó kó tó lọ, kò sí bí ìyàwó rẹ̀ ṣe lè tẹ̀lé e. Bí ìwé ìrìnnà tí ìyàwó fẹ́ fi tọrọ físà bá sì ń sọ pé ó sá pamọ́ sí ilẹ̀ onílẹ̀ fún oṣù márùn-ún, ta ni yóò fún un?

*

"Mo sọ fún ẹ!" Rọ́fíàt pariwo nígbà tó gbọ́. "Mo ní ká gba oko màmá yín! A ò bá ti jókòó sábẹ́ fáànù ní Ṣakẹ́tẹ́ báyìí, ká máa mu kóòkì!"

Husain, awakọ̀ tó gbé wọn wá, ti ń ro ìrònú tirẹ̀ lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó ní, "Ẹ̀yin ìyàwó, ẹ má fòyà. Ọ̀nà kan wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń ṣe epo pupa yẹn. Àbúrò mi ní ọ̀kadà. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ ti wà lọ́hùn-ún. A ó fi láílọ́ọ̀nù wé léèsì yín, ẹrẹ̀ ò ní kàn án rárá."

"Ìyàwó inú láílọ́ọ̀nù," Rọ́fíàt ní. "Bí ẹ̀kọ."

"Àbí ká padà sílé, ká fi sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀?"

"Husain!" Rọ́fíàt ké. "Ṣé o ti gbọ́ ọ rí pé ìyàwó tó ti gba àdúrà jáde nílé bàbá rẹ̀ padà síbẹ̀ lọ́jọ́ kan náà? Ní Ìfọ́nyìntẹ̀dó? Kí ìyá àgbà tún lọ dùbúlẹ̀ àìsàn ni?"

Fóònù Ìdùnnú dún. Màmá Sàlímọ́tù ni.

"Ìyàwó mi, níbo lo wà?"

Ìdùnnú wo fóònù náà. Látìgbà tí ìyá yìí ti mọ̀ ọ́n, kò pè é ní ìyàwó òun rí. "Màmá, ẹ káàárọ̀ mà. Ẹnubodè ni mo wà. Ìwé mi ló ní wàhálà díẹ̀."

"Ìwé kẹ̀? Ìwé ló ń bímọ ni? Ọ̀nà oko ìyá yín ńkọ́? Ṣé wọ́n ti dí i? Ká aṣọ rẹ sókè, kí o gba inú igbó máa bọ̀, jọ̀ọ́! Àgùntàn méjì ni mo pa o! Àwọn ẹbí bàbá ọkọ rẹ ti Kétu dé láti àná, wọ́n ń jẹun bí eéṣú!"

"Màmá, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ìyàwó fàyàwọ́ ni mí."

Ohùn Màmá Sàlímọ́tù ga sí i.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni, mà. Lójú gbogbo ẹbí."

"Háà! Eré ni mò ń ṣe!"

"Eré yẹn dùn mí wọra, Màmá. Ẹ má bínú. Ẹnu ọ̀nà ni mo máa gbà wá."

Ariwo ta, ó dà bíi pé wọ́n ń já fóònù gbà lọ́wọ́ ara wọn, lẹ́yìn náà ni ohùn tó rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù dé.

"Ìdùnnú mi."

Omijé tí kò tíì jáde láti àárọ̀ bọ́ sílẹ̀ nígbà náà. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láìfi ọ̀kan pamọ́.

"Gbọ́," Ọdẹkúnlé ní. "Aago méjìlá ni wọ́n ń so tọkọtaya tó kẹ́yìn pọ̀. Bí o bá gba inú igbó wá, mo máa fẹ́ ẹ pẹ̀lú ẹrẹ̀ àti èèmọ́, mi ò sì ní rán ẹ létí láéláé. Bí o bá dúró níbẹ̀, èmi náà á dúró níbí. Èwo lo fẹ́?"

Ìdùnnú nu ojú rẹ̀. "Dúró dè mí."

"Mo ti dúró lórí bẹ́ńṣì rí," Ọdẹkúnlé dáhùn. "Èyí tí mo bá dúró nítorí tìrẹ máa dùn jù ú lọ."

Aago mẹ́wàá ti lé ogún ìṣẹ́jú. Ìdùnnú bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ìwé ìgbéyàwó rẹ̀ padà sí àyè wọn: ìwé ìbí, ìwé tó jẹ́rìí pé kò lọ́kọ rí, fọ́tò mẹ́rin. Kí wọ́n má bàa ká, inú ìwé eléèpo líle kan ló há wọn mọ́, ìwé ńlá tó máa ń gbé lọ gbé bọ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Bí ó ti fẹ́ pa á dé ni ojú rẹ̀ bà lé nǹkan búlúù kan ní igun ojú ewé.

Òǹtẹ̀ ni. Òǹtẹ̀ ilé-ìwé. Pẹ̀lú ọjọ́ àti ìfọwọ́sí ọ̀gá.

Ó ṣí ewé kejì. Òǹtẹ̀. Ó ṣí ẹ̀kẹta. Òǹtẹ̀.

"Rọ́fíàt," ó ní, "kí ni a máa ń ṣe ní gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé?"

"À ń gbé nóòtù ìkọ́ni fún ọ̀gá kó bú wa kó tó fọwọ́ sí i. Kí ló..." Ẹnu Rọ́fíàt dúró ní ṣíṣí. "Ìdùnnú! Nóòtù ìkọ́ni!"

Ìyàwó ti ká léèsì rẹ̀ sókè, ó ti ń sáré padà lọ síbi káńtà.

*

Ìyáàfin Abọ́dúnrìn gbé nóòtù náà sílẹ̀ níwájú ara rẹ̀ bí ẹni gbé àwo oúnjẹ. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì. Ó ń fi ìka tọ òǹtẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ń ka ọjọ́ rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ó ń fi wé kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri. Ìdùnnú ń wo ìka náà bí ẹni ń wo onídàájọ́.

Bí ó ṣe dé àárín ìwé, obìnrin náà dúró. Ó gbé jígí ojú rẹ̀ sókè.

"Kí ni wọ́n fi yíǹkì pupa kọ síbí yìí?"

Ojú ti Ìdùnnú. Ó mọ ibẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí ó kọ́ àwọn ọmọ ní ọ̀rọ̀-ìṣe ọjọ́ iwájú nínú èdè Faransé ni. Gbogbo àpẹẹrẹ tó kọ síbẹ̀, ti Ọdẹkúnlé ni: Ọdẹkúnlé yóò dé lọ́la. Ọdẹkúnlé yóò kọ lẹ́tà sí olólùfẹ́ rẹ̀. Ọdẹkúnlé kò ní gbàgbé mi. Abẹ́ rẹ̀ ni ọ̀gá ilé-ìwé ti fi yíǹkì pupa kọ ọ́ pé: *Mísì, ṣé kò sí ọkùnrin mìíràn ní gbogbo ilẹ̀ Faransé ni?*

"Ta ni Ọdẹkúnlé?" Ìyáàfin Abọ́dúnrìn béèrè.

"Òun... òun ni ọkọ, mà."

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò retí ṣẹlẹ̀. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí èjìká rẹ̀ fi ń mì, tí ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà ní káńtà kejì fi dìde wá wò. Nígbà tó nu ojú rẹ̀ tán, ó fa bébà kan yọ, ó tì í síwájú Ìdùnnú pẹ̀lú bírò.

"Nóòtù yìí jẹ́rìí pé o wà nílé. Kò tíì sọ bí o ṣe dé ilé. Kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi. Ọjọ́ tí o wọlé, ibi tí o gbà, ìdí tí o fi gba ibẹ̀. Òótọ́ ni kí o kọ."

Rọ́fíàt tó ti wọlé tẹ̀lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹnu sí i létí. "Má kọ inú igbó o. Sọ pé ẹni tó ń tẹ òǹtẹ̀ kò sí lórí ìjókòó lọ́jọ́ náà. Wọ́n á tì ẹ́ mọ́lé nínú léèsì!"

Bírò dúró lókè bébà. Ìdùnnú ronú kan àwọn ọlọ́pàá inú ọkọ̀ ojú irin, ó ronú kan ọ̀dọ́mọkùnrin tó ki ọwọ́ bọ àpò tí ó bá òfo. *Jẹ́ kí wọ́n béèrè ẹni tí o jẹ́, kí o sọ fún wọn.* Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Ó kọ ọ̀nà oko. Ó kọ orúkọ Màmá Ọ̀ṣúnkẹ́mi, ó kọ òkúta ààlà, ó kọ ọ́ pé òun kò mọ̀ nígbà náà pé ilé tí wọ́n bíni sí náà ní ẹnu ọ̀nà tó yẹ kó gbà. Ó kọ orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀, ó fọwọ́ sí i.

Ìyáàfin Abọ́dúnrìn kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó dìde, ó gbé e wọ inú yàrá kan lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá. Ogún kọjá. Níta, Husain ti fi ọwọ́ lérí, ó ń wo oòrùn bí ẹni tó lè dá a dúró. Nígbà tí obìnrin náà jáde, aago mọ́kànlá ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó gbé àdàkọ bébà náà lé Ìdùnnú lọ́wọ́.

"Ọdún kẹsàn-án mi nìyí lórí ìjókòó yìí," ó ní. "Mo ti rí ẹni tó purọ́ pé ewúrẹ́ ló jẹ ojú ewé tí òǹtẹ̀ wà. Ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ inú igbó sílẹ̀ fún mi. Ìkìlọ̀ ni mo fún ọ, ó sì wà nínú fáìlì. Ẹ̀ẹ̀kejì kò gbọdọ̀ sí."

"Kò ní sí láéláé, mà."

Ó gbé òǹtẹ̀ sókè, ó tẹ̀ ẹ́. *Gbì!*

"Káàbọ̀ sílé, ọmọ Ìbítóyè."

Ó gbé òǹtẹ̀ kejì. *Gbì!*

"Ó dàbọ̀ o, ìyàwó Ọdẹkúnlé. Ó yá, sáré! Kí òun náà má bàa lọ wá obìnrin mìíràn fi ṣe àpẹẹrẹ."

*

Ẹni tí Ìdùnnú kọ́kọ́ rí ní ìhà Bẹ̀nẹ̀ kì í ṣe ọlọ́pàá. Màmá Sàlímọ́tù ni. Ara ìyá náà kò gbà á mọ́, ó ti gun ọ̀kadà wá láti Ṣakẹ́tẹ́ nínú aṣọ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, bọ́rọ̀kẹ́ẹ̀dì wúrà, eruku pupa sì bo gèlè rẹ̀ bí ẹni tó yí nínú ebè. Ìdùnnú kúnlẹ̀ lórí ọ̀dà.

"Dìde, dìde, ojú títì gbóná! Ṣé wọ́n ti dá ẹ lóhùn?"

"Ó ku tiyín, mà."

Ọlọ́pàá ìhà Bẹ̀nẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń sọ Yorùbá Nàgó bí omi. Ó ṣí ìwé náà, ó súfèé. "Àǹtí, ìwé yìí ní ẹ wọ ọ̀dọ̀ wa lóṣù kejì, ẹ ò jáde. Oṣù mẹ́ta ni òfin gbà yín láyè."

Kí Ìdùnnú tó la ẹnu, Màmá Sàlímọ́tù ti bọ́ síwájú.

"Inú igbó ló gbà jáde! Ta ni kì í gba ibẹ̀? Ìyá tìrẹ tó ń ta ẹ̀fọ́ ní Ìfànyìn, ibo ló ń gbà lọ sọ́jà lọ́jọ́ ọjà? Má jẹ́ kí n sọ̀rọ̀! Èyí nìkan ló gba ẹnu ọ̀nà wá lónìí. Èmi ni mo ní kó gba igbó. Èmi, ìyá ọkọ! Ó kọ̀ fún mi! Ìyàwó ẹnu ọ̀nà ni tèmi, kì í ṣe fàyàwọ́!"

Àwọn tó wà lórí ìlà pàtẹ́wọ́. Rọ́fíàt gbé ìbòrí rẹ̀ bo ẹnu, ẹ̀rín fẹ́ pa á.

Ìdùnnú fi èdè Faransé tó mọ́ gaara ṣàlàyé fún ọlọ́pàá náà, ó sì gbé àdàkọ bébà rẹ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú òǹtẹ̀ Nàìjíríà méjèèjì. Ọlọ́pàá náà kà á, ó kọ ìlà méjì sínú ìwé ńlá rẹ̀, ó lọ bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lójú fèrèsé, ó padà wá. Òǹtẹ̀ kẹta dún.

"Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n," ó ní. "Bí mo bá jẹ́ yín, mi ò ní dúró dúpẹ́."

Husain kò dúró dúpẹ́ lóòótọ́. Wọn kò mọ bí ó ṣe wa mọ́tò náà. Rọ́fíàt ń ka súúrà, Màmá Sàlímọ́tù ń ka tirẹ̀, Ìdùnnú tó jẹ́ Kristẹni sì ń ka Sáàmù, gbogbo wọn pọ̀ nínú mọ́tò kan. Nígbà tí wọ́n já sí iwájú ilé ìjọba ìbílẹ̀, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta kí aago méjìlá lù. Ọdẹkúnlé jókòó sórí bẹ́ńṣì lẹ́nu ọ̀nà, nínú kóòtù dúdú, òdòdó pupa kan lọ́wọ́ rẹ̀ tí ooru ti pa. Kò dìde. Ó kàn ń wò ó bí ó ṣe ń bọ̀.

Ìdùnnú rìn lọ bá a. Ó ṣí ìwé ìrìnnà sí ojú ewé náà, ó gbé e lé e lọ́wọ́.

Ọdẹkúnlé wo òǹtẹ̀ kan, ó wo èkejì, ó wo ọjọ́ tó wà lára wọn. Lójú gbogbo ẹbí Kétu àti Ṣakẹ́tẹ́, ọkùnrin gàgàrà náà bú sẹ́kún.

"Ẹ gbé e wọlé, ẹ gbé e wọlé!" Màmá Sàlímọ́tù pariwo. "Ẹkún lè dúró, ilé ìjọba kì í dúró!"

*

Ọdún kan lé díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọkọ̀ ojú irin kan ń ti Ítálì bọ̀ ní Faransé. Òkun wà lápá òsì, ó ń tàn bí àwo. Bí ọkọ̀ náà ṣe dúró ní ìlú ẹnubodè, àwọn ọlọ́pàá mẹ́ta wọlé, wọ́n ń béèrè ìwé láti orí ìjókòó dé orí ìjókòó. Ìdùnnú rí i pé ọkọ rẹ̀ ti di ọwọ́ ìjókòó mú ṣinṣin. Ó fi ọwọ́ tirẹ̀ lé e.

Inú báàgì Ìdùnnú ni nóòtù eléèpo líle náà wà. Kò gbé e sílẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Ó ṣí i, ó fa ìwé ìrìnnà méjì yọ.

Ọlọ́pàá náà yẹ ti Ọdẹkúnlé wò, ó dá a padà. Ó yẹ ti Ìdùnnú wò, ó dúró, ó gbé ojú ewé kan súnmọ́ ìmọ́lẹ̀.

"Màdáámù, ẹ wọ orílẹ̀-èdè yín, ẹ sì jáde kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ kan náà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," Ìdùnnú fi Faransé dá a lóhùn. "Ọjọ́ ìgbéyàwó mi ni."

Ọlọ́pàá náà wo òun, ó wo Ọdẹkúnlé, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó pa ìwé náà dé, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọkọ̀ gbéra. Ọdẹkúnlé mí kanlẹ̀, ó tọ́ka sí òde gíláàsì.

"Wò ó. Orí bẹ́ńṣì yẹn ni."

Bẹ́ńṣì irin kan ni, àwọ̀ ewé, kò sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Ìdùnnú gbé ọwọ́ sókè, ó juwọ́ sí i. Ọkọ̀ ojú irin ń lọ, ẹ̀wù òtútù Ọdẹkúnlé wà ní èjìká ara rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, bẹ́ńṣì náà ló kù sẹ́yìn.